Ọ̀fìnkìn Àwọn Ọlọ́lá: Bí Hay Fever Ṣe Di "Àìsàn Òyìnbó"

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń nu imú bí ẹ ṣe ń ka èyí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi í pamọ́ di alẹ́.

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ láìmọye ìgbà láti ọdún tí mo ti dé Manchester. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo sì ń rí i nínú WhatsApp ẹbí ní gbogbo oṣù Kẹfà: "Hay fever kẹ̀? Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Ọ̀fìnkìn lásán ló mú ẹ." Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè o. Àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ìtàn ìṣègùn ni mo ń kọ́ fún PhD mi, ohun tó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wọ inú àwọn ìwé àtijọ́ ni pé àwọn dókítà òyìnbó gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn. Wọn ò ṣèèṣì sọ ọ́. Ṣe ni wọ́n ń fi í yangàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ John Bostock. Dókítà ni, Liverpool ló ti ṣí wá sí London. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1819, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní London, ó ka ìwé kan nípa aláìsàn kan tó pè ní J.B., ọmọ ọdún 46. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí J.B. jẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣe é: tí oṣù Kẹfà bá ti ń bọ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á pọ́n, á wú. Á wá máa sín léraléra, imú á máa ṣomi, àyà á fún un pinpin débi pé mímí á ṣòro. Tó bá di ìparí oṣù Keje, gbogbo rẹ̀ á lọ, bí ẹni pé kò ṣe é rí.

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ti fojú rí nítorí ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó lo oògùn ìyàgbẹ́. Wọ́n fi oògùn tó ń mú awọ ara léròrò lé e lára. Ó dín oúnjẹ kù, ó lo èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe kuníìnì, ó lo ópíọ̀m, ó lo mẹ́kúrì, ó ń fi omi tútù wẹ̀. Kò sí èyí tó dá a dúró. (Nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ń fi àgbo àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi, mẹ́kúrì yìí ni mo máa ń rántí.) Ohun tó fún un ní ìsinmi díẹ̀ ni pé kó lọ jókòó sínú ilé létí òkun, ní Ramsgate, kó má jáde. Lójú tirẹ̀, oòrùn àti ooru ló ń fa wàhálà náà. Àwa mọ̀ lónìí pé afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi bọ̀ kì í gbé nǹkan koríko wá.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá àwọn ẹlòmíì tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Ní 1828, èèyàn 28 péré ló lè kọ nípa wọn. Ó tún sọ nǹkan kan tí ó máa dá ọ̀pọ̀ wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: nínú àwọn tálákà tí wọ́n ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, òun kò rí ẹyọ kan tó dájú. Àwọn tó rí jájẹ nìkan ló ní in.

Orúkọ náà, hay fever, ẹnu àwọn ará ìlú ló ti wá. Wọ́n ní òórùn koríko tí wọ́n gé sá fún ẹran ọ̀sìn ló ń fà á. Bostock fúnra rẹ̀ kò gbà. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ibà tí wọ́n fi kún orúkọ rẹ̀ yẹn, kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, kó wá nǹkan míì tó ń ṣe é.

Ẹni tó wá tú àṣírí náà ni Charles Harrison Blackley, ní Manchester níbí gan-an. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó di dókítà, àdúgbò Hulme ló sì ti ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Manchester, ẹ mọ Hulme: àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá lọ sí láíbìrì. Hay fever ń bá òun náà jà. Ní 1859 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ dán an wò, kò sì sinmi títí ó fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1873.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìdán an wò. Wọ́n ní ooru ni: ó dán an wò. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ni, òórùn koríko gbígbẹ ni, eruku ni: ó dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ wọ́n dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Ẹni tó bá ti gba àárín oko àgbàdo tó yọ òdòdó lórí kọjá rí, tí nǹkan kíkúná bí àtíkè gbọ̀n sí i léjìká, ti rí irú rẹ̀. Koríko náà ń yọ òdòdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í wò ó bí òdòdó. Tirẹ̀ kò dúró de oyin tàbí labalábá. Inú atẹ́gùn ló ń tú u sí, ibi tó bá sì bá imú èèyàn, ibẹ̀ ló ń bà lé.

Blackley fi lẹ́búlẹ́bú koríko sínú imú ara rẹ̀: ó sín títí. Ó fi sójú: ojú wú. Lẹ́yìn náà ló ṣe èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù. Ó họ awọ apá rẹ̀ méjèèjì díẹ̀. Ó fi lẹ́búlẹ́bú sí ọ̀kan, kò fi nǹkan kan sí ìkejì, ó wá fi aṣọ tútù bo àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí èyí tó ní lẹ́búlẹ́bú fi ń yún un, tó sì wú. Ìkejì wà bó ṣe wà. Ìdánwò tí dókítà àléjì á ṣe fún ẹ lónìí, tó máa kán omi oríṣiríṣi sí ẹ lápá tó sì máa fi abẹ́rẹ́ gún un fẹ́ẹ́, ọmọ ìdánwò Blackley ni.

Kò tán síbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yìí wà lókè nínú afẹ́fẹ́. Ó mú káìtì, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń so okùn mọ́ tí atẹ́gùn á gbé lọ, ó so gíláàsì pẹlẹbẹ tí ó fi nǹkan tó ń lẹ̀ pa mọ́ ọn, ó sì fò ó ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ sókè. Nígbà tó fà á wálẹ̀ tó sì fi máíkírósíkóòpù wò ó, ohun tó rí lórí gíláàsì òkè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ fojú inú wo dókítà onírùngbọ̀n tó ń fò káìtì lójú àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ẹni tó ń gbé àárín ìlú, tí kò rí koríko lójú títì rẹ̀, ṣe lè máa sín.

Ìbéèrè kan wá kù, òun náà sì mọ̀ ọ́n lára. Àgbẹ̀ ló ń sun nínú koríko, ló ń jí nínú koríko. Kí ló dé tó jẹ́ pé ara àgbẹ̀ le, tó jẹ́ pé lọ́yà àti àlùfáà ìjọ ló ń sín? Blackley ní ó lè jẹ́ pé mímí tí àgbẹ̀ ń mí in láti kékeré ló sọ ọ́ di ohun tí ara rẹ̀ ti mọ́ lára. Àmọ́ òun náà rò pé ìwé kíkà ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn ẹlòmíì ti gbé e sá. Ní Amẹ́ríkà, George Beard kọ ìwé tirẹ̀ ní 1876, ó ní àìsàn àwọn tí iṣan ara wọn kò le ni, àwọn tí ọ̀làjú àti iṣẹ́ ọpọlọ ti mú rẹ̀. Àwọn tó rí ṣe níbẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Bethlehem, New Hampshire, láti 1874. Tí àsìkò bá tó, wọ́n á gun orí òkè lọ sí òtẹ́ẹ̀lì títí á fi tán. Ní London, Morell Mackenzie, dókítà ọ̀fun tó lókìkí, tí wọ́n tún ránṣẹ́ pè lọ tọ́jú ọba Jámánì, kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1880 pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ìran wọn ló ń ṣe jù, pé a sì lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ga ju àwọn ẹ̀yà yòókù lọ. Bóyá àwàdà díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ikun imú di àmì ọlá! Ẹ rántí pé àwọn ọdún yẹn náà ni wọ́n jókòó ní Berlin tí wọ́n ń pín ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí òun fi ga ju ọmọnìkejì rẹ̀ lọ, ó lè rí i nínú háńkáṣíìfù.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìdí tí wọ́n fún un ni kò dáa. Ní 1989, David Strachan tẹ ìwádìí kan jáde tó fi tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìlú Ọba tí ó lé ní 17,000, tí wọ́n bí gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà ní oṣù Kẹta 1958. Ó rí i pé bí ẹ̀gbọ́n bá ṣe pọ̀ tó níwájú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni hay fever rẹ̀ ń dín kù. Ó ní ó lè jẹ́ pé àwọn àìsàn kéékèèké tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń kó wálé ló ń kọ́ ara ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò sí àwọ̀ ara níbẹ̀, kò sí ìran. Irú ilé tí èèyàn dàgbà sí ni, àti ohun tí ara rẹ̀ bá pàdé ní kékeré. Tálákà tí Bostock wá tì nígbà náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ra oògùn hay fever ní Tesco lónìí.

Àwa ńkọ́? Ara kì í bínú sí ohun tí kò tíì mọ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ bá lẹ́búlẹ́bú kan pàdé, kó ṣe ohun ìjà pàtó fún un, kí ó tó di pé ó ń bá a jà nígbà tó bá tún padà dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń lo ọdún kìíní àti ìkejì níbí láìsí nǹkan kan, tí a ó máa fi àwọn òyìnbó tó ń sín ṣẹ̀fẹ̀, tó bá di ọdún kẹta, ìkẹrin, tí ojú àwa náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún, a ó ní òtútù ló mú wa. Ọ̀fìnkìn kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀fìnkìn kì í mú ojú àti òkè ẹnu yúnni báyẹn. Èmi náà, ọdún kẹta mi ló dé.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ dé orí oògùn, ibẹ̀ ló sì ti kàn mí jù.

Ní 1910, Henry Dale àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní London ṣàlàyé ohun tí nǹkan kan tó ń jẹ́ histamine ń ṣe nínú ara. Òun ni ara máa ń tú jáde tí imú fi ń ṣomi, tí awọ fi ń yún. Ní Paris, ní 1937, Daniel Bovet àti Anne-Marie Staub rí ohun àkọ́kọ́ tó lè dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n májèlé rẹ̀ pọ̀ jù fún èèyàn. Bovet gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957. Láti àwọn ọdún 1940 ni èyí tí èèyàn lè gbé mì ti ń jáde lóríṣiríṣi, ọ̀kan nínú wọn sì ni chlorphenamine, tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton.

Ẹ ò ní gbàgbé Piriton! Ṣé ẹ rántí chloroquine? Ibà á mú ọmọ, wọ́n á fún un ní chloroquine, ara á máa yún un bí ẹni pé ìjàlọ wọ aṣọ rẹ̀. Ìyá á wá fi Piriton lé e kí ọmọ lè sùn. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀ ní kékeré, kó tó di pé Nàìjíríà pààrọ̀ oògùn ibà rẹ̀ ní 2005. Oògùn tí àwọn òyìnbó ń lò sí koríko, ara yíyún chloroquine ni àwa mọ̀ ọ́n mọ́, sísùn tó ń múni sùn sì jẹ́ ara ohun tí a fẹ́ràn nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá sùn, ara á tù ú.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń múni sùn náà ni kí ẹ wò. Histamine tó ń yọ imú lẹ́nu yìí kan náà ló ń mú kí ọpọlọ wà lójúfò. Àwọn oògùn ìgbà náà, Piriton wà nínú wọn, máa ń wọ inú ọpọlọ lọ, wọ́n á sì dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lóru tó sì ń wakọ̀ bọ̀ láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ni ìdánwò GCSE. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà náà ni koríko ń tú tirẹ̀. Ní 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé 1,834 ní Ìlú Ọba, ọmọ ọdún 15 sí 17. Wọ́n fi èsì ìdánwò àṣedánrawò ìgbà òtútù wé ti ìdánwò gidi ìgbà ooru. Ọmọ tí hay fever ń yọ lẹ́nu lásìkò ìdánwò, ewu pé èsì rẹ̀ á já wálẹ̀ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò ṣe lọ. Àwọn tó tún lo oògùn tó ń múni sùn lé e, ìdá 70 ni tiwọn.

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ọdún ìdánwò yẹn. Ìyá rẹ̀ ń fún un ní Piriton ní gbogbo àárọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe fún un rí, àwọn olùkọ́ sì ń kọ̀wé sílé pé ọmọ ń tòògbé ní kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, kí wọ́n fún un ní èyí tí kì í múni sùn." Wọ́n ní, "Ṣé Piriton kọ́ ni gbogbo wa lò dàgbà?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ lẹ́yìn Piriton yẹn, a máa ń lọ sùn ni. A kì í lọ ṣe ìdánwò Math.

Èyí tí kì í sábà múni sùn ti wà láti àwọn ọdún 1980. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́, terfenadine, ba ọkàn àwọn kan jẹ́ nígbà tí wọ́n lò ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn míì, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 1998. Fexofenadine tó rọ́pò rẹ̀ kò ní wàhálà yẹn. Loratadine àti cetirizine wà níbi gbogbo, owó wọn kò sì tó nǹkan tí ẹ bá ra èyí tí kò ní orúkọ ńlá lára. Cetirizine lè mú àwọn kan tòògbé díẹ̀, nítorí náà ẹ dán an wò ní Sátidé, kì í ṣe lọ́jọ́ ìdánwò.

Fún ẹni tí imú rẹ̀ máa ń dí, ohun tí wọ́n ń fín sínú imú, tó ní stẹ́rọ́ìdì díẹ̀ nínú, sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju oògùn oníhóró lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á lò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe oògùn orí fífọ́. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, ó dára kéèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àsìkò, kó sì máa lò ó lójoojúmọ́. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fín ihò imú òsì, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ etí, kì í ṣe sí àárín imú. Ẹ má fà á sínú pẹ̀lú agbára. Bí ó bá ti dé ọ̀fun, ó ti kọjá ibi tí a rán an. Ẹ tún fi fásílíìnì pa etí ihò imú. Ẹ wẹ̀ tí ẹ bá wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ di irun, ẹ wé nǹkan mọ́rí tí ẹ bá ń jáde, nítorí irun máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú yẹn dé orí ìrọ̀rí. Tí àyà bá ń fún, tí mímí sì ń súfèé, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ kẹ́mísìtì: ẹ lọ rí GP, nítorí koríko máa ń ru ikọ́ fée sókè.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló kù, torí mo ń rí i pé àwọn èèyàn wa ń sanwó fún un níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣaralóge. Èyí tí wọ́n ń gún níbẹ̀ jẹ́ Kenalog. Stẹ́rọ́ìdì ni, ó ń wà nínú ara fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè fà á jáde tó bá ṣe ohun tí a kò fẹ́, NHS kì í sì í fún èèyàn ní i mọ́ fún hay fever. Ẹ má fi wé abẹ́rẹ́ Leonard Noon. Noon ṣiṣẹ́ ní ọsibítù St Mary's ní Paddington. Ní 1911 ló kọ ọ́ pé òun fi omi tí òun yọ látinú lẹ́búlẹ́bú koríko gún àwọn aláìsàn, díẹ̀díẹ̀, tó ń fi kún un, títí ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ó rò pé májèlé ló wà nínú koríko, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà náà ṣiṣẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní 1913, kò tíì pé ọmọ ogójì, John Freeman tí wọ́n jọ ń ṣe é ló gbé iṣẹ́ náà lọ.

Ọ̀nà Noon yẹn ṣì wà lónìí, ó tiẹ̀ ti di oògùn tí èèyàn lè fi sábẹ́ ahọ́n. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lò ó, dókítà àléjì ló ń kọ ọ́ fúnni, oṣù mélòó kan ṣáájú àsìkò koríko ni wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí bó ṣe yẹ, tí ojú rẹ̀ kò sì gbádùn, kó lọ bá GP rẹ̀ sọ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, kó má dúró di oṣù Karùn-ún, nítorí ìlà dókítà àléjì gùn.